Ruqoyah àti Pééjì Tí Kò Fẹ́ Ṣí

Ọkàn mi ti balẹ̀ báyìí, mo lè jókòó kí n sọ̀rọ̀ Ruqoyah láìgbaná jẹ. Ká ní ẹ bi mí léèrè ṣáájú àkókò yìí ni, èébú ni ẹ̀ bá gbọ́. Èmi Tinú ni mo máa ń gbé fóònù ní ọ́fíìsì wa, etí mi sì ni gbogbo ẹni tí pééjì rẹ̀ kò bá ṣí máa ń pariwo sí. Iṣẹ́ Ruqoyah ni láti jẹ́ kí pééjì ṣí. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa bẹ àwọn èèyàn títí yóò fi ṣí. Ẹ wá wo ẹni tí ìyà ń jẹ nínú àwa méjèèjì.

Òkè ilé alájà kan ni ọ́fíìsì wa wà ní Àpápá, lẹ́yìn òpópónà Wharf, níbi tí gíláàsì fèrèsé máa ń gbọ̀n tí tírélà bá ń kọjá. Ọ̀gá wa ń jẹ́ Justice. Ohun tí à ń ṣe níbẹ̀ kò le láti ṣàlàyé. Tí tírélà bá fẹ́ wọ pákì kó tó lọ gbé kọ̀nténà, ẹni tó wà ní géètì gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ọkọ̀ náà wà lára àwọn tí wọ́n ń retí. Tẹ́lẹ̀, bébà ni wọ́n ń yẹ̀ wò, bébà sì máa ń ya, òjò sì máa ń pa á. Àwa la ṣe pééjì kan fún wọn lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ó tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sí i, pééjì yóò lọ béèrè lọ́wọ́ dátábéèsì, ìyẹn àká tí kọ̀ǹpútà kó gbogbo nọ́ńbà ọkọ̀ pamọ́ sí, yóò sì wá jábọ̀ fún yín pé kí ọkọ̀ wọlé tàbí kó ṣì dúró. Tí àbọ̀ yẹn bá yá, ẹnikẹ́ni kì í rántí wa. Tí kò bá yá, fóònù mi ni yóò dún.

Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí Ruqoyah sí, kò jìnnà sí Boundary. Ìsẹ́yìn ni bàbá rẹ̀ ti wá wa tírélà ní Èkó, ìyá rẹ̀ sì ń rán yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé. Ilé tí wọ́n gbé kún fún yàrá àti èèyàn: Úròbò lápá ọ̀tún, Ìgbò lápá òsì, Ìjọ́ lẹ́yìnkùlé. Wọ́n á máa kírun ní yàrá kan, wọ́n á máa kọ orin ìyìn ní yàrá kejì, wọ́n á sì jọ pọn omi kan náà. Ìyá Ewoma, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló kọ́ ọ ní èdè Úròbò láìmọ̀, tó fi jẹ́ pé bí inú bá ń bí Ruqoyah lónìí, Úròbò ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Èmi kì í gbọ́ ọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Omi tí wọ́n jọ ń pọn yẹn ló kọ́kọ́ fi ìwà rẹ̀ hàn. Rọ́bà gígùn kan ló ń gbé omi wá sí táǹkì wọn láti bóhóòlù tó wà ní àdúgbò kejì. Nígbà tó yá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó. Gbogbo ilé ní ẹni tó ni bóhóòlù ti ya ọ̀kánjúwà, pé ó ń ta omi wọn fún ẹlòmíràn, wọ́n sì ti ń ká aṣọ láti lọ bá a jà. Ruqoyah kò tíì kúrò ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ó tẹ̀lé rọ́bà láti ẹnu táǹkì, ó ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe ń lọ, ó rọ̀, ó rọ̀, títí tó fi dé ibi tí fọganáísà kan gbé táyà lé e lórí. Lẹ́yìn táyà, rọ́bà le bí igi. Ó bẹ bàbá náà pé kó gbé táyà rẹ̀ kúrò, omi sì dé. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Ẹnjiníà nílé wọn. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, wọ́n sì gbà á gbọ́ díẹ̀.

Nígbà tó parí pólì, kafé kan ní Ọ̀jọ́ Road ló ti kọ́kọ́ ríṣẹ́. Ó ń bá àwọn èèyàn tẹ̀wé, ó ń bá àwọn ọmọ ilé ìwé fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ó sì ń wo ìdí tí pééjì kan fi ń yá tí òmíràn fi ń kú sọ́wọ́ ẹni. Ibẹ̀ ló ti fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe báyìí, lórí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Justice ti rí i tó sì mú un wá sí Àpápá. Ó ga, ó tínrín, kì í pariwo, ó sì máa ń jẹ ẹ̀pà ṣáá, tó bẹ́ẹ̀ tí èèpo ẹ̀pà fi wà nínú bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ kò gbọdọ̀ sọ níwájú rẹ̀ ni pé nẹ́tíwọ̀kì ni.

Ẹ sì mọ Èkó. Nẹ́tíwọ̀kì ló ń gba ẹ̀bi gbogbo nǹkan. Wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ní ti àwa, nẹ́tíwọ̀kì ṣe ségesège lánàá, pééjì kò ṣí lónìí, ẹjọ́ ti parí. Ruqoyah kì í gbà. Ó ní ọ̀nà lásán ni nẹ́tíwọ̀kì, pé bí ọ̀nà bá bàjẹ́, gbogbo ẹni tó ń gbà á ló yẹ kó pẹ́, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ wá láti ọ̀dọ̀ oníbàárà wa kan tó ní pákì tírélà ní apá Kírikírì, kò jìnnà sí Lighter Terminal. Ọ̀gá Tochukwu ni máníjà ibẹ̀. Ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ohùn rẹ̀ rọ̀, èyí sì bà mí lẹ́rù ju kó pariwo lọ. Ó ní tírélà ń tò sẹ́nu géètì òun títí dé ojú títì, àwọn aládùúgbò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òun ṣépè. Ṣùgbọ́n ó ní òun kò bá wa jà. Èèyàn méjì ló ń ṣiṣẹ́ géètì náà. Ìyá kan tó ń jẹ́ Suwaibat, tí àwọn dírẹ́bà ń pè ní Màmá Géètì, ló ń ṣe ti àárọ̀. Nnamdi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ló ń ṣe ti ọ̀sán. Bí Nnamdi bá wà níbẹ̀, ọkọ̀ á máa wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí Màmá bá wà níbẹ̀, pééjì á kàn máa yí bìrìbìrì, kò ní ṣí.

Kọ̀ǹpútà kan náà ni o, pééjì kan náà, nẹ́tíwọ̀kì kan náà. Tochukwu ti dá ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀. Ó ní ọjọ́ orí ti dé sí ìyá náà, pé ojú àti ọpọlọ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ó kàn fẹ́ kí a mú kí lẹ́tà orí pééjì tóbi sí i, kó má baà dà bí ẹni pé òun kò ràn án lọ́wọ́. Bí oṣù bá parí tí kò bá sí àyípadà, òun yóò dá a dúró, nítorí kò sí iṣẹ́ mìíràn fún un nínú pákì.

Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá wa Justice, ṣe ló mí kanlẹ̀. Ó ní a dúpẹ́, kì í ṣe àṣìṣe tiwa. Mo wò ó títí. Mo lọ bá Ruqoyah, mo ní kó jọ̀ọ́ fẹ lẹ́tà pééjì fún ìyá àgbà kan kó tó di pé wọ́n lé e. Ó dá ẹ̀pà dúró lẹ́nu.

"Tinú, ibo gan-an ló ti ń pẹ́?" ó bi mí. "Kí Màmá tó tẹ nọ́ńbà tán ni, àbí lẹ́yìn tó ti tẹ̀ ẹ́ tán?"

Mo ní kí ni ìyàtọ̀ nínú kí nǹkan pẹ́ níbí àti kó pẹ́ lọ́hùn-ún. Ó ní ìyàtọ̀ pọ̀. Bó bá jẹ́ pé kó tó tẹ̀ ẹ́ tán ni, ìka Màmá ni. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti tẹ nọ́ńbà tán, kò sí ojú tó fọ́ tàbí ọpọlọ tó gbó tó lè dá kọ̀ǹpútà dúró. Mo pe Tochukwu padà, mo bi í. Ó ní òun kò wo ìyẹn, pé kí nǹkan pẹ́ ni òun mọ̀. Inú bí mi gidigidi. Ẹ fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ìyá àgbà, ẹ kò sì tíì yọjú wo ibi tó ti ń pẹ́.

Ruqoyah bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé rọ́bà rẹ̀ láti orí àga. Ó kọ́kọ́ ṣí pééjì wa kan tí kì í bi dátábéèsì ní nǹkan kan, èyí tí nọ́ńbà fóònù wa wà lórí rẹ̀, ó ní kí ẹnì kan ṣí i ní pákì náà láàárọ̀ nígbà tí Màmá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣí kíá. Ọ̀nà kò bàjẹ́ nìyẹn, nẹ́tíwọ̀kì lọ ní àlàáfíà. Ó wo kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gbé pééjì náà fún gbogbo èèyàn, kò sí ohun tó ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ló wá tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sí ojú pééjì gan-an, ọkọ̀ kan, ọkọ̀ kejì, ọkọ̀ kẹta, láti orí tábìlì rẹ̀. Àbọ̀ ń dé kó tó gbé ọwọ́ kúrò. Ó ti ara rẹ̀ sẹ́yìn, ó sọ èdè Úròbò díẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń rò, nítorí èmi náà ń rò ó, ẹ̀rù sì ń bà mí. Bí ọ̀nà bá dára, tí ẹ̀rọ dára, tí pééjì ń ṣí fún gbogbo èèyàn àyàfi ẹnì kan, ẹni yẹn náà ni wàhálà. Ruqoyah ní kí n gbé báàgì mi. Ó ní òun kò lè tẹ̀lé rọ́bà tí òun kò rí.

A gba Boundary, a wọ kẹ̀kẹ́ Marúwá dé Kírikírì. Òórùn epo dísẹ̀lì gba gbogbo afẹ́fẹ́, tírélà sì tò lọ bẹẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn dírẹ́bà na ara wọn sábẹ́ ọkọ̀ nínú òjìji. Nínú yàrá kékeré ẹnu géètì la ti bá Màmá. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni, ó wé ìbòrí funfun, dígí ojú tuntun sì wà lójú rẹ̀ tí bébà owó rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Dírẹ́bà tírélà ni ọkọ rẹ̀ kó tó kú, ó sì ti pẹ́ tó ti wà ní géètì yẹn, láti ìgbà bébà. Nígbà tó gbọ́ pé àwa la wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe pééjì, ṣe ló dìde kí wa bí ẹni pé dókítà ló dé.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ Ruqoyah mú. Ó ní nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà dé, kò sí ẹni tó yá tó òun. Òun máa ń tẹ̀ ẹ́, á sì ṣí. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ díẹ̀, ó tún pẹ́ díẹ̀ sí i, ó wá di ohun tí òun á tẹ̀ tí òun á máa wò ó, tí òun kò ní mọ̀ bóyá òun ti gbàgbé ohun kan tó yẹ kí òun ṣe. Ojú ni òun kọ́kọ́ rò pé ó jẹ́, ló jẹ́ kí òun ra dígí. Dígí kò mú nǹkan kan yí padà. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ wàyí, nítorí àwọn dírẹ́bà tó wà ní ìta. Ó ní bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ìyá òun náà nìyẹn, ní ọjọ́ orí tí òun wà yìí gan-an: ó kọ́kọ́ ń ṣe nǹkan pẹ́, ó wá ń bu iyọ̀ sí tíì, kó tó wá di pé kò mọ orúkọ ọmọ kankan mọ́. Òun ti sọ fún ọmọbìnrin òun tó wà ní Ìbàdàn pé kó wá mú òun lọ́jọ́ Sátidé láti wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun kò sì tíì sọ ìdí fún un.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má tàn mí o," ó ní. "Tó bá jẹ́ èmi ni, ẹ sọ fún mi báyìí, kí n lè sọ fún un nígbà tí mo ṣì lè sọ ọ́."

Mo wo ilẹ̀. Ruqoyah ní kí Màmá jọ̀ọ́ máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ó fa àga kan, ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀.

Dírẹ́bà kan yọrí lójú fèrèsé tírélà rẹ̀, ó kígbe, "Màmá, síìsì-tírì-éètì!" Màmá kò gbójú sókè, ó tẹ mẹ́fà, ó tẹ mẹ́ta, ó tẹ mẹ́jọ. Ìka rẹ̀ yá ju tèmi lọ. Lẹ́yìn náà ni ìdúró dé. Pééjì ń yí bìrìbìrì. Màmá tún un tẹ̀, ó tún un tẹ̀, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ níwájú orí rẹ̀. Mo rí i pé Ruqoyah ti dìde lórí àga, ojú rẹ̀ ti yí padà, kò sì wo Màmá mọ́ rárá. Nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lójú pééjì ló ń wò.

Ó sáré yọ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó gbé e lé orí itan, ó tẹ 638 nìkan síbẹ̀. Tirẹ̀ náà dúró. Ó pa á, ó tún un ṣí, ó tẹ nọ́ńbà kan náà ní kíkún láti orí APP, lẹ́tà mẹ́ta tó máa ń ṣáájú lára pléètì ọkọ̀ Àpápá. Ó ṣí kíá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu, nítorí kò tíì fẹ́ kí Màmá rí i kó tó dá a lójú.

Àkókò yẹn ni Nnamdi dé láti gba iṣẹ́, Ọ̀gá Tochukwu sì wọlé tẹ̀lé e, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ọmọ dáadáa ni Nnamdi, kò ní ibi nínú. Dírẹ́bà mìíràn dé, Nnamdi jáde lọ síwájú ọkọ̀ náà, ó wo pléètì rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó padà wọlé, ó tẹ gbogbo rẹ̀ láti APP títí dé lẹ́tà tó kẹ́yìn. Ó ṣí lójú ẹsẹ̀. Tochukwu wo Ruqoyah bí ẹni tó ti jàre.

Ruqoyah ní kí Nnamdi jókòó, kó tẹ nọ́ńbà mẹ́ta tó wà láàárín nìkan, kó má fi APP sí i. Nnamdi tẹ̀ ẹ́. Pééjì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó dúró dè é, ó wo ìka ara rẹ̀, ó wo pééjì, ó tún wo ìka rẹ̀.

"E no gree open," ó ní.

Tochukwu ní kó tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀, ó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Màmá nìkan ló sún mọ́ ọn, ó tẹ orí wo èjìká Nnamdi láti rí i dáadáa, ó sì ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré.

Ruqoyah wá ṣàlàyé fún wa. Ó ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ kan bá wọlé tàbí jáde, ní gbogbo pákì tí à ń bá ṣiṣẹ́, láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀, ó wà nínú dátábéèsì yẹn, ó sì ti lé ní àràádọ́ta ọ̀kẹ́. Ó tò wọ́n bí tíṣà ṣe ń to orúkọ ọmọ kíláàsì, láti orí lẹ́tà tó ṣáájú. Bí ẹ bá fún un ní orúkọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ibi tó wà gan-an ni yóò lọ tààrà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó bá yín wá ọmọ kan tí ẹ kò mọ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, tó jẹ́ àárín nìkan lẹ mọ̀, kí ni tíṣà yóò ṣe? Yóò ka gbogbo ọmọ ilé ìwé láti òkè délẹ̀ ni. Pééjì wa kò sì ní sùúrù, ó máa ń sáré lọ béèrè ní gbogbo ìgbà tí èèyàn bá tẹ nọ́ńbà kan. Màmá tẹ mẹ́fà, dátábéèsì ka gbogbo rẹ̀. Ó tẹ mẹ́ta sí i, dátábéèsì tún ka gbogbo rẹ̀. Bó bá wá sú u tó tún un tẹ̀, kíkà tuntun tún gun orí ti tẹ́lẹ̀. Ruqoyah fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lójú wa: ó bi dátábéèsì fúnra rẹ̀ pé kó sọ bó ṣe ń wá a, dátábéèsì sì jẹ́wọ́ pé òun ń kà á láti òkè délẹ̀ ni.

Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, orúkọ kò tíì pọ̀, kíkà rẹ̀ kò gba àkókò. Bó ṣe ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ ni pééjì ń pẹ́ sí i. Màmá, tó wà nídìí rẹ̀ lójoojúmọ́, wá rò pé òun ni òun ń gbó.

Tochukwu bi Màmá pé kí ló dé tí kì í tẹ̀ ẹ́ ní kíkún. Màmá wò ó bí ẹni tó béèrè ìdí tí wọn kò fi ń jẹ okùn.

"Ọ̀gá, ta ló ń pe APP ní Àpápá?" ó ní. "Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń wá síbí ló ń jẹ́ APP. Nínú ilé tí gbogbo ọmọ ti ń jẹ́ orúkọ bàbá kan náà, ṣé orúkọ bàbá lẹ máa fi pe ọmọ?"

Òótọ́ ni. Kò sí dírẹ́bà kan ní gbogbo agbègbè yẹn tó ń pe nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ tán. Ti àárín ni wọ́n ń pè, òun náà ni wọ́n fi ń pe ara wọn. Ruqoyah ní òun ló kọ pééjì náà, àti pé nọ́ńbà ọkọ̀ bàbá òun ni gbogbo Ajégúnlẹ̀ fi ń pe bàbá òun títí di òní, 219, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan kò mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn. Síbẹ̀, nígbà tí òun ń dán pééjì wò ní ọ́fíìsì, òun jókòó bí ọmọ tó dàgbà sí ìlú òyìnbó, òun ń tẹ APP. Ó gbá iwájú orí ara rẹ̀. Mo ní kó rọra o, pé orí yẹn la ṣì fẹ́ lò.

Ó lò ó. Ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà kékeré kan tó fi dán an wò, nítorí ó ní èèyàn kì í fi ojúlówó ṣe ìdánwò. Ó yọ nọ́ńbà àárín sọ́tọ̀ lára gbogbo ọkọ̀, ó to òun náà lẹ́sẹẹsẹ bí wọ́n ṣe to ti ìbẹ̀rẹ̀, kí dátábéèsì lè lọ tààrà síbi tó wà. Ó kọ́ pééjì ní sùúrù pẹ̀lú, kó máa dúró kí èèyàn tẹ̀ ẹ́ tán kó tó sáré. Ó pe Justice pé òun fẹ́ gbé e lọ sí ojúlówó, Justice ní kó gbé e lọ. Àwa yòókù dúró, a ń wo èèpo ẹ̀pà tó ń bọ́ sílẹ̀. Tochukwu alára jókòó lórí kéètì ìgò ọtí kan, ó ń fi ìka lu orúnkún.

Nígbà tó parí, Nnamdi fẹ́ jókòó dán an wò, Ruqoyah sì fọwọ́ dá a dúró. Ó dìde fún Màmá. Ó ní, "Ẹ jókòó, mà."

Màmá jókòó. Dírẹ́bà kan ti ń pariwo nọ́ńbà tirẹ̀ ní ìta, ó ti sú u. Màmá tẹ̀ ẹ́, àárín nìkan, bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Àbọ̀ ti dé kí ìka rẹ̀ tó kúrò lórí bọ́tìnnì tó kẹ́yìn. Ó tẹ òmíràn, èyí tí kò sí ẹni tó béèrè. Ó dé. Ó tẹ òmíràn. Ó kàn ń tẹ nọ́ńbà gbogbo ọkọ̀ tó mọ̀ ní orí, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, láìwo ibì kankan. Kò sì ṣi ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ̀rín gbà mí, mo sì ń sunkún díẹ̀ nínú rẹ̀, kí n má parọ́.

Tochukwu dìde, ó fi ọwọ́ pa orí. Ó ní, "Mama, abeg, no vex," ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ó ní ọ̀rọ̀ ìparí oṣù yẹn, kí Màmá kà á sí ohun tí òun kò sọ rí. Mo ti gbá èébú jọ sẹ́nu fún un láti òwúrọ̀, mo gbé e mì.

Màmá yíjú sí Ruqoyah.

"Kì í ṣe èmi?" ó ní.

"Kì í ṣe ẹ̀yin, mà. Àtìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ̀rọ wa ni."

Ó ní kó tún un sọ. Ruqoyah tún un sọ. Màmá bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó mú fóònù, ó pe Ìbàdàn níṣojú gbogbo wa. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má wulẹ̀ wá mọ́ lọ́jọ́ Sátidé, pé òun wà níbi iṣẹ́ òun. Ọmọ náà ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, a ń gbọ́ ohùn rẹ̀ kékeré nínú fóònù, ó ń bi í pé kí ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀, kí ló ń fi pamọ́ fún òun, kí ló ń ṣe é. Màmá ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú.

"Kò sí nǹkan kan," ó ní. "Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí."